Àpótí Aṣọ Ilé Wa: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Olóyè àti Àwọn Baálé Ilé-Ifẹ̀

Àwọn baba wa ní, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí kò ṣòro láti lóye, ṣùgbọ́n a kì í sábà rò ó dé ìdí. Bí ẹ̀ṣọ́ bá ti bàjẹ́ nínú ilé, kí ni a ó kó ròde? Bí agbádá ẹtù tí baba wọ̀ nígbà tí ó joyè bá ti di oúnjẹ kòkòrò nínú àpótí, kí ni ọmọ rẹ̀ yóò wọ̀ ní ọjọ́ tí a bá pè é wá sí Ẹnuwà láti jókòó sí ipò baba rẹ̀? Yóò lọ ra tuntun ni. Kò burú kí ènìyàn ra aṣọ tuntun; ṣùgbọ́n aṣọ tuntun kò mọ baba ẹni, kò sì lè jẹ́rìí ẹni.

Ó jẹ́ àṣà wa nínú irú ìwé báyìí láti máa sọ̀rọ̀ nípa èdè, nípa adé, nípa ilẹ̀ àti ààlà. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tọ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó sún mọ́ wa ju gbogbo wọn lọ, tí ó ń bàjẹ́ lójú wa lójoojúmọ́, tí a kò sì kà sí: èyíinì ni ọ̀nà tí a ń gbà fọ aṣọ ilé, tí a ń gbà tò ó, tí a sì ń gbà pa á mọ́. Èrò mi ni pé ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti ìyàwó ilé nìkan, kì í sì í ṣe ti ọmọ ọ̀dọ̀. Ọ̀ràn baálé ni. Ọ̀ràn olóyè ni. Ilé tí kò bá ní ètò lórí aṣọ rẹ̀ ń sọ ogún nù, ó sì lè sọ ọmọ nù pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí n ó ti fi hàn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó wà nílẹ̀. Ní ọdún 1957, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wú ilẹ̀ ní Ìta Yemòó níhìn-ín, wọ́n kan àwọn ère bàbà tí òkìkí wọn ti kàn yí ayé ká. Ọ̀kan nínú wọn ni ère ọba àti olorì tí wọ́n fi apá kọ́ apá, tí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀. Àwọn ère wọ̀nyí ti ju 600 ọdún lọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá tẹjú mọ́ wọn yóò rí bí àwọn àgbà ìgbà náà ti ń ró aṣọ, bí wọ́n ti ń fi ọ̀já gbá a, àti bí ìlẹ̀kẹ̀ ti ń bò wọ́n láyà. A mọ bí wọ́n ti ró aṣọ. Ṣùgbọ́n aṣọ náà gan-an dà? Bàbà dé ọwọ́ wa, amọ̀ dé ọwọ́ wa, òkúta dé ọwọ́ wa. Aṣọ kò dé. Ilẹ̀ òjò àti ooru ni ilẹ̀ wa. Aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò bá tọ́jú kì í pẹ́ níbẹ̀.

Síbẹ̀síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé aṣọ tí a hun ní apá ayé tiwa kò lè pẹ́. Ní ìlú Ulm ní ilẹ̀ Jámánì, ẹ̀wù méjì wà tí a kó láti Allada, ìlú aládùúgbò wa tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Oníṣòwò kan, Christoph Weickmann, ni ó kó wọn jọ mọ́ àwọn ohun mìíràn láti oríṣiríṣi ilẹ̀, tí ó sì tẹ ìwé tí ó to gbogbo wọn lẹ́sẹẹsẹ ní 1659. Ọwọ́ ènìyàn dúdú ni ó hun aṣọ wọ̀nyí, wọ́n sì wà títí di òní olónìí, lẹ́yìn ọdún tí ó ju 350 lọ. Lóòótọ́, òtútù ilẹ̀ wọn ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òtútù nìkan kọ́ ni ó ṣe é: a kọ wọ́n sínú ìwé, a fi wọ́n sí ibi tí a mọ̀ pé wọ́n wà, ọwọ́ kan sì ń gbà wọ́n lọ́wọ́ èkejì láti ìran dé ìran. Ó ha yẹ kí àlejò mọ iye ẹ̀wù wa, kí àwa tí a ni ilé má mọ iye tí ó wà nínú àpótí baba wa?

Kì í ṣe pé òyìnbó ni yóò kọ́ wa ní ètò aṣọ. Àwọn baba wa ní i kí wọ́n tó dé. Aṣọ iṣẹ́ wà lọ́tọ̀, aṣọ ìwọ̀lé wà lọ́tọ̀, aṣọ ìmúròde sì wà lọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá wọ èyí tí ó yẹ kí ó wọ̀ ròde lọ sí oko, wọn a ní kò gbọ́n. Ẹ wo ẹ̀kú egúngún ìdílé: ó ní yàrá tirẹ̀, ó ní ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀, ó ní ìgbà tí a ń gbé e jáde, ìran tí ó bá sì dé a máa fi aṣọ tirẹ̀ kún un. Ẹ wo àwọn olùsìn Ọbàtálá ní ìlú yìí: ẹni tí ó ń wọ àlà funfun ní ìgbà gbogbo mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́ nínú omi tí a ti fọ aṣọ aró. Ẹ wo Adé Arè tí Ọọ̀ni ń dé ní ọdún Ọlọ́jọ́: ẹ̀ẹ̀kan ni a ń rí i lọ́dún, ìyókù ọdún ni a fi ń pa á mọ́. Ta ni yóò wí lẹ́yìn èyí pé ìran wa kò mọ bí a ti ń tọ́jú nǹkan?

Ìfọṣọ pàápàá jẹ́ iṣẹ́ tí ó ní iyì. Wọ́n ní alágbàfọ̀ kì í bá odò ṣọ̀tá. Ọṣẹ dúdú tí a fi omi eérú àti àdín sè ni a fi ń fọ aṣọ ní etí odò kí ọṣẹ inú páálí tó dé. Nígbà tí àwọn Sàró, àwọn Àgùdà àti àwọn oníwàásù dé ní ọ̀rúndún tí ó ṣáájú èyí tí ó kọjá, wọ́n mú sitáàṣì, búlúù àti irin ìlọṣọ oníná ẹ̀ẹ́dú wá, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé ìwé wọn bí a ti ń fọ aṣọ, tí a ń lọ̀ ọ́, tí a sì ń tò ó. A gba ohun tí ó dára nínú ìyẹn, a fi kún tiwa. Kí ni ó wá dé tí èyí tí a gbà àti èyí tí a bí wa bí ti ń bọ́ lọ́wọ́ wa?

Ìdáhùn mi ni pé aṣọ pọ̀ jù, ètò sì kéré jù. Ayẹyẹ kan kò ní kọjá kí a má dá aṣọ ẹbí. Ìsìnkú ní tirẹ̀, ìgbéyàwó ní tirẹ̀, ìkómọ ní tirẹ̀, ìwúyè ní tirẹ̀. A ó wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, a ó sì jù ú sínú àpò ńlá tí a ń pè ní Ghana-must-go, nítorí àpótí ti kún. Inú àpò kan náà ni aṣọ orí ibùsùn, aṣọ ìnura, ìlédìí ọmọ, ọ̀já ìpọnmọ, gèlè ìyá àgbà àti dàńdógó baba àgbà yóò ti máa gbé. Bí a bá ń wá ọ̀kan, a ó tú gbogbo rẹ̀. Bí a bá rí i tán, a ó fi ẹsẹ̀ ti ìyókù padà. Ilé tí ó ní aṣọ ẹbí ogún kò lè rí aṣọ ìbora mímọ́ kan nígbà tí àlejò bá dé ní òru. Ṣé ọrọ̀ ni a ó pe èyí, tàbí ìdàrúdàpọ̀?

Aṣọ tí ó sì ń jìyà jù nínú ìdàrúdàpọ̀ yìí ni èyí tí a kò lè rà mọ́. Àwọn àgbà ń pe sányán ní baba aṣọ. Òwú ṣẹ́dà inú igbó ni a fi ń hun ún: kòkòrò tí a ń pè ní ẹkuku ni ó ń ta á, àwọn ènìyàn a wá ilé rẹ̀ kiri lórí igi, wọ́n a sè é, wọ́n a ran án, kí ahunṣọ tó fi ojú kàn án. Òwú ṣẹ́dà pupa tí a ń fi hun àlàárì a máa gba aṣálẹ̀ kọjá láti etí òkun ìhà àríwá, a dé Kánò, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀nà ìṣòwò yẹn ti pa rẹ́. Ní Ìṣẹ́yìn àti ní ibòmíràn, iṣẹ́ aṣọ òkè ń lọ dáadáa, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n òwú ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó pọ̀ jù nínú èyí tí a ń hun lónìí, èyí tí a sì ń tà ní orúkọ sányán, àwọ̀ sányán ni ó sábà ní, kì í ṣe òwú rẹ̀. Nítorí náà, bí sányán baba rẹ bá jẹrà, owó rẹ kò lè ra òmíràn. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá jẹ́ kí àkísà náà ṣègbé, ta ni ó kù tí yóò lè fi í yangàn?

Ọ̀tá aṣọ mẹ́rin ni ó wà. Èkíní ni ọ̀rinrin. Aṣọ tí kò gbẹ dé inú, tí a dì sínú àpò ọ̀rá, yóò bu. Àmì dúdú wẹ́wẹ́ yóò yọ lára rẹ̀, kò sì sí ọṣẹ tí í mú un kúrò tán. Aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ pẹ̀lú ní ooru àti omi nínú. Bí kò bá tí ì tutù, kò yẹ kí ó wọ inú àpótí. Èkejì ni kòkòrò. Kòkòrò tí ń jẹ aṣọ fẹ́ràn ṣẹ́dà àti irun ju òwú lọ, ó sì fẹ́ràn ibi tí òógùn tàbí ọ̀rá oúnjẹ ti kán sí. Sitáàṣì pẹ̀lú jẹ́ oúnjẹ fún aáyán: aṣọ tí a ó pa mọ́ fún ọdún, kí a má ṣe fi sitáàṣì sí i, àfi ní ọjọ́ tí a ó bá wọ̀ ọ́. Ẹ̀kẹta ni oòrùn. Oòrùn ń pa ìdọ̀tí aṣọ funfun, ṣùgbọ́n ó ń jẹ aró àti àlàárì; abẹ́ òjìji tí afẹ́fẹ́ wà ni kí a ti sá àwọn wọ̀nyí, kí a sì yí inú wọn síta. Ẹ̀kẹrin ni ojú ìṣẹ́po. Aṣọ òkè tí a ṣẹ́ sí ojú kan náà fún ogún ọdún yóò gé ní ojú yẹn. Ẹni tí ó bá gbọ́n a máa yí ìṣẹ́po padà lọ́dọọdún, tàbí kí ó ká aṣọ náà mọ́ igi róbótó tí a ti fi aṣọ funfun wé.

Nísinsìnyí, mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹ̀mí. Láti lé kòkòrò, a ń ra ohun funfun róbótó tí a ń pè ní káfúrà lọ́jà, a sì ń fọ́n ọn sí àárín aṣọ. Naphthalene ni orúkọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ọmọ kan wà láàárín wa tí ẹ̀jẹ̀ wọn, láti inú oyún, kò ní tó nínú ohun kan tí ń dáàbò bò ó. Àwọn oníṣègùn ń pe ohun náà ní G6PD. Kì í ṣe àrùn àjèjì: ní ilẹ̀ wa, nǹkan bí ọmọkùnrin kan nínú márùn-ún ni ó ní àléébù yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a dàgbà, a di arúgbó, kí wọ́n má mọ̀ pé àwọn ní i. Ṣùgbọ́n bí a bá fi aṣọ tí ó ti gba òórùn káfúrà wé ìkókó irú bẹ́ẹ̀, èéfín rẹ̀ a gba imú àti awọ ara rẹ̀ wọlé, ẹ̀jẹ̀ pupa a bẹ̀rẹ̀ sí fọ́, ojú a pọ́n bí omi osùn. Ibà pọ́njú yìí, bí ó bá pọ̀, a máa dé ọpọlọ. Ó ń pa ọmọ. Èyí tí kò bá pa, ó lè sọ ọ́ di odi tàbí arọ. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ wa ti ń kígbe ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó wò. Ọjọ́ kẹjọ pé, ọjọ́ ìkómọ dé. Ìyá àgbà ṣí àpótí, ó mú ìborùn àtàtà tí ó ti pa mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ó fi wé ọmọ ọmọ rẹ̀ nítorí ìfẹ́. Ìlédìí tí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà lò, tí a ti kó sínú àpò kan náà, ni a tún kó jáde fún un. Kò sí ẹni tí ó ní èrò ibi. Ṣùgbọ́n nítorí pé àpótí kan ni ilé náà ní fún ohun gbogbo, ohun tí a fi lé kòkòrò kúrò lára aṣọ òkú ti wà lára aṣọ ọmọ tuntun. Ìdí nìyí tí mo fi wí pé ọ̀ràn yìí ju ọ̀ràn ẹwà lọ. Ilé tí aṣọ ọmọ bá ní àpótí tirẹ̀, tí káfúrà kò dé ibẹ̀ rárá, ti mú ewu ńlá kan kúrò lọ́nà ọmọ rẹ̀, kò sì ná kọ́bọ̀ kan sí i.

Ewu kejì kéré ju èyí lọ, ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀. Eṣinṣin kan wà ní ilẹ̀ wa tí ń yé ẹyin sí ara aṣọ tútù, pàápàá èyí tí a sá sórí koríko tàbí sí ìsàlẹ̀ ní abẹ́ òjìji. Bí a bá wọ aṣọ náà láìlọ̀ ọ́, ìdin rẹ̀ a wọ inú awọ ara, a sì wú bí eéwo. Nítorí náà, orí okùn tí ó ga ni kí a máa sá aṣọ sí, kí a sì máa fi irin gbígbóná lọ ìlédìí, aṣọ ìnura àti aṣọ orí ibùsùn ní ojú méjèèjì. Ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe láìbèèrè ìdí rẹ̀, ìdí wà ńbẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé, kí ni ó kan olóyè pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọṣẹ àti omi? Ẹ jẹ́ kí n rán wọn létí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí Ọba Ladapọ̀ Adémọ́lá Kejì wà lórí oyè Aláké, àwọn aláró ń lo sódà líle àti aró òyìnbó, àwọn oníbàárà sì ń ráhùn nítorí àdìrẹ. Ọ̀rọ̀ náà di ti ààfin. Ó le tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1936. Èmi kò wí pé kí a máa fi òfin ọba de ìfọṣọ. Ṣùgbọ́n ọba ńlá rí i nígbà náà pé orúkọ ìlú lè bàjẹ́ nínú ìkòkò aró. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ní ti ìkòkò aró, ó rí bẹ́ẹ̀ ní ti àpótí.

Àwọn mìíràn yóò wí pé ẹ̀rọ ìfọṣọ ti dé, ilé ìfọṣọ sì wà ní gbogbo àdúgbò. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rọ dára fún aṣọ ìnura àti aṣọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín sányán àti aṣọ ìnulẹ̀. Ohun tí a bá jù sínú rẹ̀ ni yóò lù. Ọṣẹ líle àti sódà ń jẹ ṣẹ́dà. Aṣọ òkè àtijọ́ kò fẹ́ ju kí a gbọn eruku rẹ̀, kí a sá a sí afẹ́fẹ́, kí a sì fi aṣọ funfun tí ó lómi díẹ̀ nu ibi tí ó bá lábàwọ́n. Bí a bá tilẹ̀ ní láti fọ̀ ọ́, omi tútù, ọṣẹ tí ó rọ̀, ọwọ́ tí ó fẹ́lẹ́, láìfún un rárá. Àdìrẹ aláró ẹ̀wẹ̀ ń ṣí: kí a fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀. Ẹ̀rọ kò lè rò fún wa. Ètò ni ó ń ròó.

Àwọn kẹta yóò wí pé ẹ̀sìn ti yí padà, pé aṣọ òkú kò yẹ kí ó máa gbé inú ilé onígbàgbọ́ tàbí ti mùsùlùmí. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rí ọkàn ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n aṣọ tí baba fi òógùn ojú rẹ̀ rà, tí ó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí sí yídì, kì í ṣe òrìṣà. Ìwé ìtàn ilé ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ nílé lè fi í fún ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀. Kí ó má ṣe fi í nulẹ̀.

Kí a má bàa máa ráhùn lásán, ohun tí mo rò pé ó yẹ kí a ṣe nìyí.

Èkíní: kí agboolé kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan, ọkùnrin tàbí obìnrin, tí yóò jẹ́ olùtọ́jú aṣọ ìdílé, tí kọ́kọ́rọ́ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí baálé yóò sì máa bi léèrè.

Èkejì: kí a ní ìwé kan nínú àpótí. Kí a kọ orúkọ aṣọ, ẹni tí ó ni ín, ẹni tí ó hun ún bí a bá mọ̀ ọ́n, ọdún àti ọjọ́ tí a wọ̀ ọ́ sí, àti ẹni tí ó yá a. Bí aṣọ bá jáde, kí a kọ ọ́. Bí ó bá padà, kí a kọ ọ́. Púpọ̀ nínú ìjà ogún ìbá má ti bẹ̀rẹ̀ ká ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà.

Ẹ̀kẹta: kí àpótí má ṣe dín ní mẹ́rin: ti aṣọ ìdílé, ti aṣọ ìmúròde, ti aṣọ ibùsùn àti ìnura, àti ti ọmọ kékeré. Kí a fi òwú funfun mímọ́ wé aṣọ ìdílé, kí a má ṣe fi ọ̀rá wé e. Kí àpótí má sì kan ilẹ̀ tàbí ògiri, nítorí ikán àti ọ̀rinrin.

Ẹ̀kẹrin: fún ibùsùn kọ̀ọ̀kan, kí a ní aṣọ mẹ́ta: ọ̀kan lórí ibùsùn, ọ̀kan níbi ìfọ̀, ọ̀kan nínú àpótí. Kí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, kí a máa mú láti òkè, kí gbogbo wọn lè gbó ní ìwọ̀n kan náà. Ilé tí ó bá ń ṣe báyìí kò ní sáré kiri nígbà tí àlejò bá dé.

Ẹ̀karùn-ún: kí a sọ ìgbà ọyẹ́ di ìgbà ìsáṣọ. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ. Òun ni oògùn ọ̀rinrin tí Ọlọ́run fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Kí agboolé kọ̀ọ̀kan, ní Ìlarè, ní Ìrẹ̀mọ, ní Mọ̀ọ́rè, ní Òkèrèwè, ní Ìlódè, yan ọjọ́ kan tí a ó kó aṣọ ìdílé jáde sí abẹ́ òrùlé tí afẹ́fẹ́ wà, kí a gbọn eruku wọn, kí a yí ìṣẹ́po wọn padà, kí àwọn àgbà sì sọ ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àwọn ọmọ. Ẹ̀kọ́ ìtàn wo ni ó dára ju èyí lọ? Ẹgbẹ́ wa lè bẹ àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkóhun ìṣẹ̀ǹbáyé sí tí ó wà lẹ́bàá ààfin kí wọ́n wá kọ́ wa ní ohun tí wọ́n mọ̀.

Ẹ̀kẹfà, èyí tí ó ṣòro jù: nígbà tí baba tàbí ìyá bá kú, kí a tó pín aṣọ, kí a mú ọ̀kan jáde, èyí tí ó níyì jù, kí ó jẹ́ ti ìdílé, kí a má ṣe gé e, kí a má sì ṣe pín in. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ yóò jiyàn. Ọmọ kan yóò ní òun ni ó sin baba. Òmíràn yóò ní òun ni àkọ́bí. Ṣùgbọ́n aṣọ tí a gé sí ọ̀nà mẹ́fà nítorí ìdọ́gba kò tó ẹnikẹ́ni wọ̀, kò sì wá sí ìrántí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Èyí tí a kò bá gé, gbogbo wọn ni ó ni ín: lónìí kí àkọ́bí wọ̀ ọ́ joyè, lọ́la kí àbígbẹ̀yìn wọ̀ ọ́ gbéyàwó. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ olóyè ti lè ṣe ohun tí ìwé ìròyìn kò lè ṣe. Bí ẹ̀yin olóyè bá kọ́kọ́ ṣe é nínú agboolé tiyín, àwa yòókù yóò tẹ̀lé e.

Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ wọ̀nyí kò gba owó púpọ̀. Ìwé kan, kọ́kọ́rọ́ kan, àpótí díẹ̀, ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, àti ahọ́n baálé tí kò ní tijú láti béèrè pé, "Àwọn aṣọ wa dà?" Àwọn tí ó ṣe ère Ìta Yemòó fi ojú aṣọ wọn hàn wá, ṣùgbọ́n òjò àti àkókò gba aṣọ náà lọ́wọ́ wa. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa báyìí, òjò kò tí ì gbà á. Bí ó bá ṣègbé, kì í ṣe òjò ni a ó bi léèrè.

Kí Olódùmarè jẹ́ kí á fi ọwọ́ ara wa gbé ogún baba wa lé ọwọ́ ọmọ wa, kí ó má sì jẹ́ kí á fi aṣọ ìfẹ́ wé ikú mọ́ ọmọ tuntun. Àṣẹ.